MÁSÙNMÁWO OJOOJÚMỌ́: IBI TÍ Ó TI Ń WÁ, ÀTI BÍ A ṢE LÈ KÁPÁ RẸ̀

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ilé-kéwú kan sọ níbi ayẹyẹ ìkówójọ fún kíkọ́ mọ́sáláṣí wa)

  



Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ránṣẹ́ pè mí, mo rò pé ẹ̀san ẹni tó bá kọ́ ilé Ọlọ́hun ni wọn yóò ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Akọ̀wé ní rárá, àwọn Àáfáà àgbà ni yóò sọ ìyẹn. Ó ní kí èmi sọ̀rọ̀ lórí másùnmáwo, nítorí àwọn tó ń ṣubú lulẹ̀ láàárín wa, tí a ń gbé dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù, ti ń pọ̀ jù. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n àkọlé náà bà mí lẹ́rù díẹ̀. N kò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí láìsọ ti ara mi, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ilé-kéwú mi ló jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Bí o bá ń ti ìrun Ìṣáì bọ̀ lálẹ́, tí ajá kan ṣàdédé fò yọ sí ọ láti inú òkùnkùn, àyà rẹ á máa lù kìkìkì, èémí rẹ á máa yára, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sí itan àti apá, ebi tó ń pa ọ́ tẹ́lẹ̀ á sì pòórá. Ọlọ́hun ló dá ara bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀dá lè rí agbára sá tàbí kí ó rí agbára jà. Ohun kékeré méjì kan wà tí ó jókòó sórí kíndìnrín wa bíi fìlà. Àwọn ni wọ́n máa ń tú omi agbára náà sínú ẹ̀jẹ̀. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Walter Cannon ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1915. Bí ajá bá ti lọ, tí o dé ilé, tí o mu omi tútù, ara á rọ̀, gbogbo rẹ̀ á padà sí ipò. Àánú Ọlọ́hun ni.

Bí ohun tí ó ń lé ọ kì í bá ṣe ajá ńkọ́? Owó ilé kì í gbó kí ó sì yípadà. Owó iléèwé ọmọ kì í rẹ̀ kí ó lọ sùn. Ara kò mọ̀ pé gbèsè kì í ṣe ajá. Yóò máa tú omi yẹn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Ìfúnpá á lọ sókè, oorun á dá, inú á máa ta, orí á máa fọ́, ìbínú á sì wà létè bí itọ́. N kò sọ pé ìrònú nìkan ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru o. Iyọ̀ àjẹjù wà níbẹ̀, ara sísan jù wà níbẹ̀, ohun tí a jogún láti ìdílé náà wà níbẹ̀. Ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn rẹ̀, kí ó má ṣe tìtorí wáàsí mi dá a dúró. Èmi náà ń lo tèmi.

Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n máa ń sọ pé onígbàgbọ́ òdodo kì í ṣe àníyàn, pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú, ìmáànì rẹ̀ ni kò pé. Ọ̀rọ̀ yìí ti ba púpọ̀ jẹ́, nítorí ó ń jẹ́ kí aláìsàn fi àìsàn rẹ̀ pamọ́. Ta ni yóò ní ìmáànì ju Ànábì Yaakubu lọ? Súrà Yúsúfù sọ fún wa pé ìbànújẹ́ ọmọ rẹ̀ mú kí ojú rẹ̀ di funfun. Maryamọ, ìyá Ànábì Ísà, nígbà tí ìrọbí mú un lẹ́sẹ̀ ọ̀pẹ dàbínù, tí ó dá nìkan wà, tí ó ń rò ohun tí ará ilé yóò sọ, ó wí pé ó sàn kí òun ti kú ṣáájú ọjọ́ náà. Ọlọ́hun kò bá a wí. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé kí ó má banú jẹ́, omi rèé lábẹ́ rẹ̀, kí ó mi igi dàbínù, kí ó jẹ, kí ó mu. Ẹ ka súrà Maryamọ dáadáa, ẹ óò rí i. Oúnjẹ àti omi ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ bí yóò ṣe dá àwọn ènìyàn lóhùn.

Kí ló wá ń fa másùnmáwo tiwa? Ẹ mọ púpọ̀ nínú rẹ̀ jù mí lọ. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí jálá epo kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 sí nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sí ilé tí kò dé. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn, ikú àti òjò tí kò rọ̀ fún àgbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí á wò lónìí ni èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa, tí a fi ẹnu ara wa pè wọlé. Lójú tèmi, ẹnu tó ń ṣèlérí ohun tí ọwọ́ kò ní, òun ni ó tóbi jù nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2017, bàbá mi jáde láyé. Èmi ni àgbà nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, èmi sì ni gbogbo ojú ń wò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní kí a pa ewúrẹ́ kan ní ọjọ́ kẹjọ, kí á pín sàráà fún àwọn aláìní, kí àwọn Àáfáà ṣe àdúà, kí oníkálùkù máa lọ sí ilé rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ojú á tì wá o. Kí ni wọn yóò máa sọ pé àwa ọmọ ṣe fún un?" Mo ra màlúù, mo san díẹ̀, mo jẹ ₦60,000 níbẹ̀. A dá aṣọ ẹbí, mo gbé aṣọ àwìn fún àwọn tí kò lè ra tiwọn, ₦45,000. Àga àti kánópì, ₦25,000. Aláse, ₦14,000. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí i pè mí, mo lọ yá ₦70,000 láti fi dí wọn lẹ́nu, ilé ìgboro sì gbé gbogbo rẹ̀ jẹ kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan nínú wọn.

₦70,000 yẹn ni kí ẹ jẹ́ kí n dúró lé lórí. Owó èlé ni. Ìyàwó mi ló bá mi gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ń yá àwọn obìnrin ọjà lówó, tí wọ́n ń gbà á padà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ mọ orúkọ tí àwọn ìyá wa ń pè é lọ́jà. N kò lè pe orúkọ náà níbi tí Lèmọ́ọ̀mù jókòó sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, ẹ ti gbà á rí ni. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní súrà Bákárà, tí mo mọ ohun tí Ọlọ́hun sọ nípa owó èlé níbẹ̀, ọwọ́ mi yìí ni mo fi ka owó náà.

Láti ọjọ́ náà, oorun sá. Bí Ọjọ́rú bá ti ń bọ̀ tí wọn yóò wá gba owó ọ̀sẹ̀, inú mi á ti máa run láti Ọjọ́ Ajé. Mo yí ọ̀nà tí mo ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́ padà kí n má baà pàdé ẹlẹ́ran. Ó pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan, mo ní mo wà ní Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni mo wà. Ẹ rántí pé àwọn sàábé bi Ànábì wa léèrè ìdí tí ó fi máa ń wá ìṣọ́ra Ọlọ́hun kúrò lọ́wọ́ gbèsè lemọ́lemọ́ nínú ìrun rẹ̀. Èsì rẹ̀ ni pé gbèsè a máa sọ ènìyàn di onírọ́, a sì máa sọ ọ́ di ẹni tí ń yẹ àdéhùn. Bukhari gba hádíìsì náà wá. Mo ti kà á fún àwọn ọmọ kéwú láìmọye ìgbà kí n tó di ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo wá sọ pé ó ń ṣe mí? Mo ní ayé ni. Mo kọ hàǹtú, mo mu ún. Mo ń fura sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tí ó ní kí n pa ewúrẹ́! Mo ní inú rẹ̀ kò dùn pé ìnáwó wa dùn.

Ọjọ́ kan ni ọmọ kan tí kò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ jókòó níwájú mi, ó ń ka hísíbù rẹ̀. Mo gbọ́ ọ bí ẹni pé ó ṣì í kà. Mo nà án. Ó tún un kà, mo tún nà án, mo nà án ju bí ó ṣe yẹ kí á na ọmọ lọ. Àáfáà kejì tí a jọ ń kọ́ni ló di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Àáfáà, ọmọ yìí kà á dáadáa." Ọmọ náà kà á dáadáa ní tòótọ́. Èmi ni n kò gbọ́ ohun tí ó ń kà. Owó Ọjọ́rú ni mo ń gbọ́. Mo bẹ ọmọ náà, mo lọ sí ilé wọn, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá àti ìyá rẹ̀. Mo ti gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ ọ́ fún yín, nítorí pé òun ló ka Àlùkùránì tí a fi ṣí ayẹyẹ yìí láàárọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ wo ẹni tí ẹ ń bínú sí dáadáa. Ìbínú gbèsè kì í gòkè lọ bá ẹni tí a jẹ lówó. Ìsàlẹ̀ ló máa ń ṣàn lọ, sọ́dọ̀ ọmọ àti ìyàwó. Ànábì kọ́ wa pé ẹni tí inú bá ń bí lórí ìdúró, kí ó jókòó; bí kò bá lọ, kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹni tí ó ti dùbúlẹ̀, báwo ni yóò ṣe gbé pàṣán?

Àáfáà kejì yẹn ló fà mí lọ sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan. Ó wọn ìfúnpá mi, ó jẹ́ 170 lórí 110, bẹ́ẹ̀ 120 lórí 80 ni ti ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí ó bá sì ti dé 140 lórí 90, ó ti di ohun tí a ń tọ́jú. Ó fún mi ní ìwé kí n lọ rí dókítà. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Àáfáà, kí ló ń jẹ yín lọ́kàn?" Mo ní kò sí. Obìnrin náà kò tún sọ̀rọ̀, ó kàn ń wò mí. Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ni omijé bọ́ lójú mi.

Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ẹsẹ̀ gbé mi lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo rò pé yóò bú mi. Ó ní, "Mo ti ń retí rẹ láti ọjọ́ kẹjọ." Ó ní kí n mú ìwé àti bírò, kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ àti iye, kí n má fi kọ́bọ̀ pamọ́. Nínú orí mi, gbèsè yẹn ti lé ní ₦400,000. Nígbà tí a kọ ọ́ tán, tí a rò ó pọ̀, ó jẹ́ ₦214,000. Orí mi ti fi ìlọ́po kún un lóru láìjẹ́ pé ẹnì kankan yá mi ní owó mìíràn! Alẹ́ ọjọ́ yẹn, gbèsè kò tíì dín, àmọ́ mo sùn títí wọ́n fi pe Àsùbáà.

Àyàh tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni, ó wà nínú súrà Bákárà. Tipẹ́tipẹ́ ni mo ti ń rò pé nítorí ẹ̀rí nìkan ni. N kò mọ̀ pé oorun wà nínú rẹ̀.

Mo ta ọ̀kadà mi ní ₦90,000. Owó èlé la kọ́kọ́ pa, lẹ́yìn náà aláse. Bàbá tẹ̀ lé mi lọ bá ẹlẹ́ran, ẹlẹ́ran gbà kí n máa san ₦5,000 lóṣooṣù. Ohun tí ó dùn ún jù ni pé mo pa irọ́ Ìlọrin. Ó rí mi ní ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ náà. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ló gbà mí kí n tó san gbogbo rẹ̀ tán.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, bí ọkàn yín bá dàrú, ẹ wá orúkọ ohun tí ó dà á rú, kí ẹ sì pe orúkọ náà sí etí ẹnì kan. Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ Mùsùlùmí ará Balkh tí ó kú ní ọdún 934, kọ ìwé kan lórí àlàáfíà ara àti ti ọkàn. Ó rí i pé àwọn oníṣègùn ìgbà rẹ̀ ń tọ́jú ara, wọ́n ń fi ọkàn sílẹ̀. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé bí a ṣe ń tọ́jú oògùn pamọ́ sílé nítorí àìsàn òjijì, bẹ́ẹ̀ ni kí ènìyàn máa kó èrò rere pamọ́ nígbà tí ara dẹ̀, kí ó lè rí i lò nígbà tí ìpayà bá dé. Nílẹ̀ wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò ní ọdún 1954: ó mú àwọn tí ọkàn wọn dàrú lọ gbé láàárín àwọn ará abúlé, ó sì ní kí ẹbí kan bá olúkúlùkù wọn wá. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá ènìyàn gbé. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti lọ sí irú ibẹ̀ bí ìrònú bá kọjá agbára. Orí tí ń fọ́ a máa lọ sí ọsibítù. Kí ló ṣe tí ọkàn kò ní lọ?

N kò ní pẹ́ lórí ìyókù. Ẹ̀yin ọkọ, Ànábì wa a máa bá ará ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ilé. Ìyàwó tí ó jí ní aago mẹ́rin, tí ó lọ sọ́jà, tí ó bọ̀ tí ó tún dáná, másùnmáwo tirẹ̀ kò fẹ́ àdúà nìkan, ó fẹ́ ẹni tí yóò bá a pọn omi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Ànábì kò fẹ́ràn ìtàkúrọ̀sọ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, bẹ́ẹ̀ fóònù kò tíì sí nígbà náà. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, ẹ dárí jì mí: bí a bá kọ́ mọ́sáláṣí tuntun yìí tán, ìpè ìrun kí ó jáde síta, ṣùgbọ́n wáàsí òru kí ó wà fún àwa tí a wà nínú ilé. Aláìsàn ń bẹ ní àdúgbò.

Ohun kan ni mo tún fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Nínú súrà Táóbà, Ọlọ́hun ka ìsọ̀rí mẹ́jọ tí a lè fún ní sàká, àwọn onígbèsè wà lára wọn. Kí á ya yàrá kékeré kan sọ́tọ̀ nínú ilé yìí, kí Àáfáà kan àti ìyá kan tí kì í tú àṣírí máa jókòó níbẹ̀ lọ́sẹ̀ kan sí èkejì, kí ẹni tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn lè gbé ìwé àti bírò tirẹ̀ wá.

Ó ku ti ìkówójọ òní. Alága máa tó dìde, wọn yóò máa pe orúkọ, ìlù yóò máa dún, ẹnì kan yóò sọ ₦500,000, ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ yóò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ní in, kí ó mú un wá, Ọlọ́hun yóò san án. Ẹni tí kò ní, mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ Ọlọ́hun, má ṣe sọ ọ́. Nígbà ogun Tabuku, ní ọdún kẹsàn-án Híjírà, Àbúbákárì kó gbogbo ohun ìní rẹ̀ wá, Úmárù kó ìlàjì. Sàábé kan mú ìwọ̀n dàbínù díẹ̀ wá, àwọn munááfìkí fi rẹ́rìn-ín. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló bá a dá wọn lóhùn. Àwọn mìíràn kò rí nǹkan kan mú wá rárá, wọ́n padà sílé pẹ̀lú omijé, Ọlọ́hun sì sọ pé kò sí ẹ̀bi lọ́rùn wọn. Súrà Táóbà kan náà ni ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín àti ti àwọn tí wọ́n padà pẹ̀lú omijé wà. Nínú àwọn wọ̀nyí, n kò rí ẹni tí ó kéde ohun tí kò ní, tí ó wá ń fi Jímọ̀ sílẹ̀ nítorí kí ó má baà pàdé akápò.

Mo ti mọ ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Odindi ọdún kan ni kò kírun pẹ̀lú wa nítorí ₦50,000 tí ó fi ẹnu sọ.

Káàdì ìlérí wà lórí àga yín. Ẹ má kọ nǹkan sí i níbí bí ẹ kò bá tíì bá aya tàbí ọkọ yín sọ ọ́. Ẹ mú un lọ sílé. Mo ti bá akápò sọ̀rọ̀, ó ní òun yóò máa gbà á títí di Jímọ̀ tí ń bọ̀ àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, ẹni tí ó bá kọ ₦500 òun yóò já ìwé ẹ̀rí fún un bí ti ẹni tí ó kọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Tèmi rèé, ₦20,000, ó wà nínú àpò ìwé yìí. Àwọn ọmọ ilé-kéwú mi yóò wá ru yanrìn ní Sátidé mẹ́rin. A ti ka àwọn tí ọwọ́ wọn dá, mọ́kàndínlógún ni wọ́n.